Ọ́ìlì tó ń jò lára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi: owó àyẹ̀wò ló yẹ ká kọ́kọ́ san

Ẹ̀yin oníṣòwò wa tẹ́ ẹ ní ọkọ̀ ojú omi l'Ìlàjẹ, ní Bàrígà, ẹ jẹ́ ká bára wa sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ọ́ìlì tó ń jò lára ẹ́ńjìnnì yín kọ́ ló ń kó owó yín lọ jù. Ohun tó ń kó o lọ ni pé ẹ máa ń sanwó síìlì, ẹ máa ń sanwó gásíkẹ́ẹ̀tì, ẹ máa ń sanwó ọ́ìlì tuntun, àmọ́ ẹ kì í fẹ́ẹ́ sanwó fún ẹni tó máa fara balẹ̀ wá ibi tí ọ́ìlì náà ti ń jáde gan-an. Ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnnì kan náà fi ń padà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù méjì, tó sì jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo ló ń gbé e lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹni tó bá mọ etí ọ̀sà Bàrígà dáadáa máa mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Láti Ìlàjẹ títí dé Àgọ́ Ẹ̀gùn, inú omi ni ọ̀pọ̀ ti ń jẹun. Àwọn apẹja ń gba ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, àwọn oníyanrìn ń kó yanrìn látinú ọ̀sà wá sí èbúté, àwọn tó ń gbé èrò náà ń ṣe tiwọn, gbogbo wọn ló sì ń wo bíríìjì Third Mainland tí wọ́n ṣí lọ́dún 1990, tí mọ́tò ń tò lọ lórí ẹ̀. Ẹni tí mọ́tò ẹ̀ bá dákú lórí bíríìjì yẹn lè bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kó pe mẹkáníìkì. Ẹni tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ bá nọ́ọ̀kì nísàlẹ̀, láàárín ọ̀sà, nígbà tí ilẹ̀ ti ń ṣú, kò ní ẹ̀gbẹ́ títì kankan. Ìgbì àti afẹ́fẹ́ ló máa pinnu ibi tí wọ́n máa gbé e lọ, èrò tó bá sì wà nínú ọkọ̀ náà ń bá a lọ nìyẹn. Ẹ̀mí èèyàn wà nínú ọ̀rọ̀ síìlì tá à ń sọ yìí.

Owó náà tún wà ńbẹ̀. Kó tó di ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà epo bẹntiróòlù kan kò tó igba náírà l'Ékòó. Lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù náà ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, láàárín ọjọ́ mélòó kan, iye tí wọ́n ń tà á láwọn ilé epo NNPC l'Ékòó di 488 náírà. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti di 998 náírà láwọn ilé epo kan náà. Ọ́ìlì àti ẹ̀yà ara ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun náà ò dúró síbi tí wọ́n wà. Nígbà tí ọjà wọ́n tó báyìí, ẹni tó ń ra síìlì mẹ́ta nítorí ihò kan, inú omi ló ń kówó ẹ̀ dà sí.

Ẹ wo bá a ṣe ń ṣe é. Ọlọ́kọ̀ rí ọ́ìlì tó ń dán lójú omi lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀ láàárọ̀, ó pe mẹkáníìkì. Mẹkáníìkì dé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan ìdí ẹ́ńjìnnì, ó ní síìlì ni. Ọlọ́kọ̀ bi í pé èló, wọ́n dúnàádúrà, ọmọ iṣẹ́ sáré lọ ra síìlì, nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ọkọ̀ ti padà sórí omi. Inú oníkálùkù dùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ́ìlì tún ń dán lójú omi. Ọlọ́kọ̀ ní mẹkáníìkì ò mọṣẹ́, mẹkáníìkì ní síìlì tí wọ́n rà ni kì í ṣe ojúlówó, ẹni tó ta síìlì ní òun ò ta ọjà tí kò dáa rí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ayédèrú lóòótọ́, ayédèrú pọ̀ nílùú. Àmọ́ bó jẹ́ síìlì gidi ni wọ́n fi síbẹ̀, ó ṣì lè jò, ẹ máa rí ìdí ẹ̀ níwájú.

Èmi ò dá mẹkáníìkì lẹ́bi. Níbi tá a gbé ọ̀rọ̀ dé yìí, ibo lowó rẹ̀ ti ń wá? Látinú ohun tó bá tú, tó sì pààrọ̀ ni. Bó bá fi tọ́ọ̀ṣì àti àkísà wo ẹ́ńjìnnì yín fún wákàtí méjì, tó wá sọ pé síkúrúù kan ló dẹ̀, tó sì fún un le, owó mínírà lẹ máa fún un, ẹ máa ní, "Ọ̀gá, ẹ ṣé o, Ọlọ́run á fún yín ṣe." Bó bá tú gbogbo ẹ́ńjìnnì palẹ̀, ẹ máa ka owó sí i lọ́wọ́. Kí lẹ wá fẹ́ kó yàn, ẹni tó níyàwó, tó lọ́mọ? Àwa tá à ń sanwó la kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo àwọn fọkanáísà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Bàrígà. Bẹ́ ẹ bá gbé táyà tó ń jò lọ bá wọn, ṣé wọ́n máa ń ní kẹ́ ẹ lọ ra túùbù tuntun kí wọ́n tó wò ó ni? Fọkanáísà á yọ túùbù, á fẹ́ atẹ́gùn sí i, á tẹ̀ ẹ́ bọ inú ọpọ́n omi, á máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí omi á fi máa hó kúṣúkúṣú níbì kan. Ibẹ̀ ló máa sàmì sí, ibẹ̀ náà ló máa lẹ̀. Ọpọ́n omi yẹn ni iṣẹ́ gan-an. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi náà ní ọpọ́n omi tiẹ̀, a ò kàn béèrè fún un ni. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é, torí ọlọ́kọ̀ tí kò bá mọ bí àyẹ̀wò ṣe rí kò lè mọ̀ bóyá wọ́n ṣe é fún òun tàbí wọn ò ṣe é.

Ohun àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ mọ irú ọ́ìlì tó ń jò. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń gbé kọ́ ìdí ọkọ̀ lágbègbè wa ni tú síróòkì, irú Yamaha Enduro 40 tí gbogbo ọlọ́kọ̀ mọ̀. Tú síróòkì kò ní ọ́ìlì nínú ikùn bíi ti mọ́tò. Inú epo bẹntiróòlù la ti ń po ọ́ìlì rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ lítà ọ́ìlì kan sí àádọ́ta lítà epo, àmọ́ ìwé tó bá ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan wá ló láṣẹ lórí ìyẹn. Ọ́ìlì yìí ń jóná pẹ̀lú epo ni, èyí tí kò bá jóná tán á bá èéfín jáde. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ́ńjìnnì yìí ló sì jẹ́ pé àárín pùròpẹ́là, ìyẹn abẹ̀bẹ̀ irin tó ń yí lábẹ́ omi, ni èéfín wọn ń gbà jáde. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa ń rí nǹkan dúdú tó ń yọ̀ nídìí pùròpẹ́là nígbà tẹ́ ẹ bá gbé ẹ́ńjìnnì sókè. Àwọn kan á rí nǹkan dúdú yìí, wọ́n á pariwo pé gíà ń jò, wọ́n á sì ní kí wọ́n tú gíà tí nǹkan kan ò ṣe. Ẹ fìka kàn án, kẹ́ ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bó bá dúdú bí èédú, tó ṣàn, tó ń rùn bí epo àti èéfín, ìdọ̀tí èéfín ni, ẹ nù ún dànù. Gíà ọ́ìlì ki ju ìyẹn lọ, ó sì ní òórùn kan tó jọ ti imí ọjọ́ tí ẹni tó bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kì í gbàgbé. Ìṣẹ́jú kan péré nìyẹn, ó sì lè gba odindi ọjọ́ kan sílẹ̀ fún yín.

Bó bá wá jẹ́ gíà lóòótọ́ ńkọ́? Ibi tí wàhálà pọ̀ sí jù lọ nìyẹn, ẹ jẹ́ ká dúró níbẹ̀ díẹ̀.

Gíà wà nínú àpótí irin tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, abẹ́ omi ló sì máa ń wà láti àárọ̀ dalẹ́. Ọ́ìlì inú ẹ̀, fún ẹ́ńjìnnì 40, kò tó ìdajì lítà. Nítorí náà, èyí tó jò díẹ̀ ti pọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ọ́ìlì inú gíà á gbóná, á fẹ̀, á sì wá ibi tó máa gbà jáde. Bẹ́ ẹ bá pa á, tó tutù, á sún kì, á sì fa omi ọ̀sà wọlé láti ojú ihò kan náà. Ibi tí ọ́ìlì ń gbà jáde ni omi ń gbà wọlé. Ọlọ́kọ̀ tó ń wo ọ́ìlì tó ń dán lójú omi, ìdajì ọ̀rọ̀ ló ń wò, ìdajì tó burú jù wà nínú gíà níbi tí omi ti ń jẹ bíárìn àti ehín gíà díẹ̀díẹ̀.

Àyẹ̀wò tó ṣe pàtàkì jù níbí kì í náni ní nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sùn di àárọ̀ láìyí i, kó dúró ṣánṣán. Kẹ́ ẹ tó tan iná sí i láàárọ̀, ẹ gbé ìgò funfun tó mọ́ sábẹ́ síkúrúù ìsàlẹ̀ gíà, kẹ́ ẹ tú síkúrúù náà díẹ̀, kì í ṣe kẹ́ ẹ yọ ọ́ tán o. Omi wúwo ju ọ́ìlì lọ, gbogbo òru ló fi ń rọra wá ilẹ̀. Nítorí náà, bí omi bá wà níbẹ̀, òun ló máa kọ́kọ́ kán jáde. Bó bá jẹ́ ọ́ìlì tó mọ́ ló jáde, ẹ dì í padà kẹ́ ẹ máa lọ síbi iṣẹ́. Bó bá jáde ní funfun bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, omi àti ọ́ìlì ti po pọ̀ nìyẹn, síìlì kan tàbí wáṣà kan ti já yín kulẹ̀. Ẹ wo ẹnu síkúrúù náà pẹ̀lú, àwọn kan ní mágínẹ́ẹ̀tì. Ìyẹ̀fun irin tó kúnná kì í ṣe tuntun lára gíà tó ti ń ṣiṣẹ́ tipẹ́, àmọ́ bẹ́ ẹ bá rí èérún irin tẹ́ ẹ lè fìka mú, ẹ má tì í padà sórí omi.

Ní báyìí tẹ́ ẹ ti mọ̀ pé gíà ń jò, ẹ ṣì ò tíì mọ ibi tó ti ń jò. Ọpọ́n omi fọkanáísà dé nìyẹn. Mẹkáníìkì á da ọ́ìlì gíà náà nù, á so páǹpù ọlọ́wọ́ tó ní míta mọ́ ojú síkúrúù, á rọra fẹ́ atẹ́gùn wọ inú rẹ̀. Ìwọ̀n 10 sí 15 psi tó, ìwé ẹ́ńjìnnì yín ló máa sọ èyí tó tọ́. Kó má fi tagbáratagbára fẹ́ ẹ o, torí atẹ́gùn tó bá pọ̀ jù lè ti síìlì tó dáa jáde. Lẹ́yìn náà, á fi omi ọṣẹ ra gbogbo ara rẹ̀: ìdí pùròpẹ́là, ibi tí irin tó ń wá látòkè ti wọlé lábẹ́ páǹpù omi, ibi tí irin tí wọ́n fi ń já gíà ti wọlé, àti ẹnu síkúrúù méjèèjì. Ibi tó bá ti ń hó, ibẹ̀ ni. Kẹ́ ẹ máa yí pùròpẹ́là nígbà tí atẹ́gùn ṣì wà nínú ẹ̀, torí àwọn síìlì kan wà tí kì í jò bí irin bá dúró, àfi bó bá ń yí.

Bó bá jẹ́ ẹnu síkúrúù ló ń hó, ẹ dúpẹ́. Wáṣà kékeré tó wà lábẹ́ síkúrúù yẹn yẹ kó jẹ́ tuntun ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ ọ́ìlì, àmọ́ a máa ń lo ọ̀kan náà títí á fi pẹlẹbẹ bí ìwé. Òun ló kéré jù lówó nínú gbogbo ẹ̀, òun náà la kì í rántí.

Bó bá jẹ́ ìdí pùròpẹ́là ló ń hó, ẹ tẹ́tí, torí àlàyé síìlì mẹ́ta wà níbí. Ọ̀sà wa kún fún nylon, okùn àwọ̀n àti ewé omi, irú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kéde ní apá Bàdágrì lọ́dún 1984, tí kò sì kúrò mọ́. Nylon àti okùn ìpẹja máa ń wé mọ́ irin pùròpẹ́là, wọ́n á máa rìn wọlé títí wọ́n á fi dé ẹnu síìlì, wọ́n á sì gé e. Ti Bàrígà tún ní àfikún: yanrìn. Níbi tí wọ́n ti ń wa yanrìn tí wọ́n sì ń já a sílẹ̀ lójoojúmọ́, yanrìn wà nínú omi náà. Yanrìn tó bá há sáàárín síìlì àti irin á máa họ irin náà bí ìgbà tí èèyàn ń pọ́n ọ̀bẹ, títí ó fi máa gbẹ́ ilà yí i ká. Ẹnu síìlì rọ́bà ni, ara irin tó dán ló ń fún mọ́. Tẹ́ ẹ bá wá fi síìlì tuntun sórí irin tó ti ní ilà, ojú ilà yẹn ni ọ́ìlì á máa gbà jáde. Síìlì náà dáa, mẹkáníìkì fi í síbẹ̀ bó ṣe yẹ, ẹni tó tà á ò purọ́, ọ́ìlì sì ń jò. Ohun tó yẹ kí mẹkáníìkì ṣe ni kó yọ pùròpẹ́là, kó nu irin náà mọ́, kó fi èékánná fà á gba orí rẹ̀. Bí èékánná bá há, irin náà ló yẹ kẹ́ ẹ ṣe, tàbí kó fi síìlì tuntun náà jókòó síbi tí ẹnu rẹ̀ kò ti ní í bọ́ sójú ilà náà, bí àyè bá wà. Ẹ rí i báyìí pé owó síìlì kejì àti ìkẹta, èékánná ni kò jẹ́ kí wọ́n wà.

Àwọn tó ń lo fọ́ọ̀ síróòkì, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀ díẹ̀, torí ẹ́ńjìnnì yín ní ọ́ìlì nínú ikùn. Kẹ́ ẹ tó sọ pé ó ń jò, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ kò rọ ọ́ jù ni. Ẹ gbé ẹ́ńjìnnì dúró ṣánṣán kẹ́ ẹ tó yọ irin ìwọ̀n, torí bó bá dagun, irọ́ ló máa pa fún yín. Ohun mìíràn tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu ni kí ọ́ìlì máa pọ̀ sí i dípò kó máa dín kù. Kì í ṣe oríire o. Bẹ́ ẹ bá gbóòórùn irin ìwọ̀n tó ń rùn bí epo bẹntiróòlù, epo ti ń wọ inú ọ́ìlì nìyẹn, ọ́ìlì náà á ṣàn bí omi, kò sì ní í lè dáàbò bo irin mọ́. Ó lè jẹ́ páǹpù epo, ó sì lè jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì kì í gbóná tó. Àwọn mẹkáníìkì kan fẹ́ràn kí wọ́n máa yọ tẹmositáàtì sọ nù, wọ́n ní kí ẹ́ńjìnnì lè máa tutù. Ìyẹn wà lára ohun tó ń fà á.

Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tó wà nínú ọkọ̀, pàápàá lára ẹ̀rọ tó ń fa yanrìn, ni àwọn èèyàn ti máa ń ṣìnà jù, torí ọ́ìlì á ti ta sí gbogbo ara rẹ̀ débi pé kò séèyàn tó mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fọ ẹ́ńjìnnì náà mọ́ tónítóní ná. Bó bá gbẹ, ẹ fín pọ́dà funfun, irú èyí tí wọ́n ń fi pa ọmọdé lára, sí àwọn ibi tẹ́ ẹ fura sí, kẹ́ ẹ tan án fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ojú ibi tó ń jò á rin láàárín pọ́dà náà. Ibi tó ga jù tó rin ni kẹ́ ẹ wò, kì í ṣe ibi tó ń kán sílẹ̀, torí ọ́ìlì máa ń ṣàn wálẹ̀. Ọ́ìlì tó ń kán nísàlẹ̀ pátápátá lè ti wá láti gásíkẹ́ẹ̀tì orí. Bẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ fílítà, ẹ yẹ ibẹ̀ wò, torí rọ́bà fílítà àtijọ́ máa ń lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n á sì fi tuntun dì í lé e lórí láìmọ̀. Kẹ́ ẹ sì wo páìpù tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí. Bí ìdọ̀tí bá dí i, èémí inú ẹ́ńjìnnì á máa ti ọ́ìlì gba ojú gbogbo síìlì jáde, kò sí síìlì tẹ́ ẹ máa pààrọ̀ tó máa dá a dúró. Ẹ má fojú kéré ọ́ìlì tó ń kán sórí ẹ̀gzọ́ọ̀sì tó gbóná o, iná lè sọ níbẹ̀.

Ọ̀kan wà tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ: ọ́ìlì ń dín kù, inú ọkọ̀ gbẹ táútáú, àmọ́ omi tó ń jáde lẹ́yìn ọkọ̀ ń dán. Ẹ wo kúlà ọ́ìlì. Bó bá lu nínú, ọ́ìlì á máa bá omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára jáde, kò ní í kán sílẹ̀ rárá.

Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì inú ọkọ̀ ń jò lálẹ́, ẹ tẹ́ pépà funfun sábẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ sàmì ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kán sí. Pépà funfun ò wọ́n lọ́dọ̀ wa. Ṣómólú, níbi tí àwọn onítẹ̀wé pọ̀ sí tó bẹ́ẹ̀, máa ń da etí pépà tí wọ́n gé kúrò lára iṣẹ́ nù ní àpò àpò, kò sì jìnnà sí Ìlàjẹ rárá. Àwọn onítẹ̀wé yẹn gan-an, tí jẹnẹrétọ̀ ń jò ọ́ìlì sílẹ̀ ìsọ̀ wọn, lè lo pépà kan náà. Pọ́dà, páìpù èémí, rọ́bà fílítà, gbogbo ohun tí mo sọ nípa dísẹ́ẹ̀lì, bó ṣe rí lára jẹnẹrétọ̀ náà nìyẹn, owó kan náà ni wọ́n sì ń ná ní ìnákúnàá.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ owó. Ẹ jẹ́ ká fi ṣe àpẹẹrẹ lásán pé síìlì àti iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n náírà. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, ó di ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún. Ẹ fi gíà ọ́ìlì ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kún un, kẹ́ ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta tí ọkọ̀ ò ṣiṣẹ́ kún un, kẹ́ ẹ fi kọ́sítọ́mà tó lọ bá ọlọ́kọ̀ mìíràn, tí kò padà mọ́, kún un. Ká wá ní ẹ fún mẹkáníìkì ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún fún àyẹ̀wò nìkan, kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹni tó bá mọ ìṣirò owó àjọ mọ èyí tó kéré. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nílé ìwòsàn, ṣebí ẹ máa ń sanwó ẹ̀ kí wọ́n tó kọ oògùn fún yín? Ẹ kì í sì í sọ fún wọn pé wọn ò tíì ṣe nǹkan kan.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ kì í pawó, ta ló láyè àyẹ̀wò. Àmọ́ ti ìgò àárọ̀ yẹn kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ ò tíì ní í kúrò ní èbúté nígbà tẹ́ ẹ máa ṣe é. Àwọn mìíràn á ní mẹkáníìkì lè gbowó àyẹ̀wò kó má yẹ nǹkan kan wò, kó ṣáà sọ ohun tó bá wù ú. Òótọ́ nìyẹn, ìdí sì nìyẹn tí kò fi yẹ kẹ́ ẹ sanwó fún ọ̀rọ̀ ẹnu. Ohun tó fi hàn yín ni kẹ́ ẹ sanwó fún: ìgò ọ́ìlì tó funfun, ibi tí omi ọṣẹ ti ń hó, ilà tí èékánná yín gan-an há sí. Ẹ ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí i." Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ kì í bínú sí ìyẹn, ó máa ń dùn mọ́ ọn pé ẹnì kan fẹ́ mọ̀.

Ibì kan wà tí èmi àti ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ ò ní í fẹnu kò sí. Wọ́n á ní bí mẹkáníìkì náà bá wá ṣe àtúnṣe, kí wọ́n yọ owó àyẹ̀wò kúrò nínú owó iṣẹ́. Lójú tèmi, kò yẹ. Bẹ́ ẹ bá yọ ọ́, ẹ ti dá a padà síbi tá a ti ń bọ̀, torí ẹni tó rí i pé síkúrúù ló dẹ̀ á tún pàdánù, ẹni tó bá tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ lásán lá jèrè. Owó àyẹ̀wò gbọ́dọ̀ dá dúró, bó bá rí i pé kò sí nǹkan tó yẹ kó pààrọ̀, kó gba owó rẹ̀ tán kó máa lọ tayọ̀tayọ̀.

Ní ti páǹpù onímíta yẹn, kò pọn dandan kí ọlọ́kọ̀ kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀. Ọlọ́kọ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà tó ń lo èbúté kan lè dáwó rà á látinú àjọ wọn, kó wà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá fọkàn tán, kí mẹkáníìkì tí wọ́n bá pè máa lò ó lójú wọn. Kí ọlọ́kọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ra ìwé kékeré kan: ọjọ́ tó pààrọ̀ gíà ọ́ìlì, àwọ̀ tí èyí tó jáde ní, ohun tí wọ́n pààrọ̀, ibi tí wọ́n ti rí i pé ó ń jò. Ọ̀pọ̀ ìwé ẹ́ńjìnnì ní kí wọ́n pààrọ̀ gíà ọ́ìlì ní ọgọ́rùn-ún wákàtí tàbí oṣù mẹ́fà, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè ka ọgọ́rùn-ún wákàtí sórí. Bí mẹkáníìkì tuntun bá dé, ìwé yẹn lẹ máa kọ́kọ́ nà sí i, kò ní í bẹ̀rẹ̀ látorí òfo. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ta ẹ́ńjìnnì lọ́la, ẹni tó fẹ́ rà á á rí ohun tó ń rà.

Àsìkò tó dáa jù láti bá mẹkáníìkì dá owó àyẹ̀wò yìí ni ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ò ṣe nǹkan kan, tí ẹ̀yin méjèèjì jókòó sí èbúté, tí kò sí èrò tó ń pariwo pé òun fẹ́ lọ. Ẹ bi í pé èló lòun máa gbà láti wo gíà, èló láti wo ẹ́ńjìnnì inú ọkọ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé kékeré yẹn, kó fọwọ́ sí i. Ẹni tí ìgò tiẹ̀ bá sì ti funfun bíi mílíìkì láàárọ̀ òní, kó má ì tíì kó èrò sínú ọkọ̀ náà títí wọ́n á fi rí ojú ihò yẹn.